Georg Simon Ohm: Ọmọ Alágbẹ̀dẹ Tí Ó Rí Òfin Ìṣàn Iná

Ìtàn tí a fẹ́ sọ fún yín ní ọdún yìí jẹ́ ti ọkùnrin kan tí ó ti kú láti ọdún 1854, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ rẹ̀ ń bá wa gbé nínú ilé títí di òní.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bẹ òbí yín kí wọ́n yọ kẹ́tùlù kúrò lára iná, kí wọ́n da omi inú rẹ̀ nù, kí wọ́n sì yí ìdí rẹ̀ sókè fún yín. Ẹ ó rí àkọlé kékeré kan níbẹ̀. Nọ́ńbà wà lára rẹ̀, lẹ́tà sì tẹ̀lé àwọn nọ́ńbà náà: V ni fóltì, W sì ni wáàtì. Lára ohun èlò mìíràn, ẹ ó rí A, èyí tí í ṣe ámpíà. Orúkọ ènìyàn ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Alessandro Volta ará Ítálì ni ó ni fóltì. André-Marie Ampère ará Faransé ni ó ni ámpíà. James Watt ará Skọ́tíláǹdì ni ó ni wáàtì. Ẹnì kẹrin wà tí orúkọ rẹ̀ kì í sábà hàn ní ìdí kẹ́tùlù, ṣùgbọ́n òun ni ó fi hàn wá bí fóltì àti ámpíà ṣe so mọ́ ara wọn. Georg Simon Ohm ni orúkọ rẹ̀.

ILÉ ALÁGBẸ̀DẸ NÍ ERLANGEN

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 1789 ni a bí Georg ní ìlú Erlangen, ní ilẹ̀ Jámánì. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀, Johann Wolfgang Ohm; àgádágodo àti kọ́kọ́rọ́ ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ aránṣọ ni Maria Elizabeth, ìyá rẹ̀. Ọmọ méje ni wọ́n bí, ṣùgbọ́n mẹ́ta péré ni ó yè tí wọ́n dàgbà: Georg, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí ń jẹ́ Martin, àti ọmọbìnrin kan. Nígbà tí Georg di ọmọ ọdún mẹ́wàá, ìyá wọn kú. Ó ku bàbá nìkan pẹ̀lú òòlù, ayùn irin àti àwọn ọmọ tí kò ní ìyá.

Alágbẹ̀dẹ yìí kò lọ sí yunifásítì, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ìwé. Ó fi ara rẹ̀ kọ́ ara rẹ̀ títí ó fi mọ ìṣirò jinlẹ̀. Kò sì fi ìmọ̀ náà mọ sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Ó mú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ jókòó nílé, ó sì kọ́ wọn ní ìṣirò, ní ẹ̀kọ́ nípa ìṣesí ohun ayé, àti ní bí a ti í ronú lọ́nà tí ó tọ́. Láti ọmọ ọdún 11 títí di ọdún 15, Georg lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ìlú náà, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ohun tí ó rí kọ́ níbẹ̀ kò tó èyí tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ nílé. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní yunifásítì Erlangen, Karl Christian von Langsdorf, dán an wò. Ẹnu ya ọ̀jọ̀gbọ́n náà, ó sì fi àwọn ọmọ alágbẹ̀dẹ wọ̀nyí wé ìdílé Bernoulli, ìdílé olókìkí ní Switzerland tí ó ti bí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìṣirò. Àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ kò lọ lásán, nítorí Martin náà di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìṣirò ní ìlú Berlin.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí a dúró níbí díẹ̀. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ohun tí Johann Ohm ní láti fi fún àwọn ọmọ rẹ̀ kò ju àkókò àti ìmọ̀ tirẹ̀ lọ, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ fún wọn pátápátá.

IJÓ, YÌNYÍN ÀTI BÍLÍÁDÌ

Ní ọdún 1805, Georg wọ yunifásítì Erlangen nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 16. Kí ni ó ṣe níbẹ̀? Ó ń jó. Nígbà òtútù, ó ń fi bàtà onírin yọ̀ lórí yìnyín. Ó tún ń ta bílíádì. Ìwé ń bẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n eré ni ó ń gba ọjọ́ rẹ̀. Nígbà tí bàbá rẹ̀ gbọ́, inú bí i gidigidi. Bàbá náà rántí bí òun kò ti ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, ó sì rí ọmọ òun tí ó ń fi í ṣòfò. Lẹ́yìn sáà ẹ̀kọ́ mẹ́ta, ó mú kí ọmọ náà fi yunifásítì sílẹ̀. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 1806, Georg lọ sí Switzerland láti di olùkọ́ ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Gottstadt. Ọmọ ọdún 17 ni.

Ìbáwí náà dùn ún, ṣùgbọ́n ó ṣe é ní àǹfààní. Ọmọ tí kò fẹ́ kàwé nígbà tí olùkọ́ wà níwájú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nígbà tí kò sí olùkọ́ kankan. Láti ọdún 1809 ó ń kọ́ àwọn ọmọ ènìyàn nílé wọn ní ìlú Neuchâtel, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá sì dilẹ̀, ó ń ka ìwé àwọn àgbà nínú ìṣirò, bí Euler àti Laplace, gẹ́gẹ́ bí Langsdorf ti gbà á nímọ̀ràn. Ní ọdún 1811 ó padà sí Erlangen, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún náà, yunifásítì tí ó ti kúrò nínú rẹ̀ fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé. Ọmọ ọdún 22 ni.

ỌDÚN ÌNIRA

Ẹ má ṣe rò pé oyè náà sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀. Ó kọ́ni ní yunifásítì fún sáà mẹ́ta, ṣùgbọ́n owó tí ó ń gbà kò tó o jẹ, kò sì rí ọ̀nà ìlọsíwájú. Ní ọdún 1813 ó gba iṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí kò ní láárí ní ìlú Bamberg. Ní ọdún 1816 wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ náà pa, wọ́n sì gbé e lọ sí òmíràn tí akẹ́kọ̀ọ́ ti kún àkúnya. Láàárín ìnira yìí ni ó kọ ìwé kan nípa bí ó ti yẹ kí a máa kọ́ ọmọ ní jiọ́mẹ́tírì. Ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí Friedrich Wilhelm Kẹta, ọba Prussia. Ìwé náà dára lójú ọba, ní ọdún 1817 sì ni Ohm rí iṣẹ́ olùkọ́ gbà ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà tí ó lórúkọ ní ìlú Cologne.

Ilé-ẹ̀kọ́ yìí ní yàrá ìwádìí tí ohun èlò kún inú rẹ̀. Ní ọ̀sán Ohm ń kọ́ni tọkàntọkàn. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ níbẹ̀, Dirichlet, di ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ìṣirò tí ó lókìkí jù lọ ní ayé. Nígbà tí kò bá sí kíláàsì, Ohm a wọ yàrá ìwádìí lọ. Ọwọ́ ọmọ alágbẹ̀dẹ sì wúlò fún un níbẹ̀, nítorí ó mọ irin, ó mọ wáyà, ó sì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tí kò bá rí rà.

WÁYÀ MẸ́JỌ, OMI GBÍGBÓNÁ ÀTI YÌNYÍN

Ní ọdún 1800 ni Volta ti ṣe bátìrì àkọ́kọ́, ní ọdún 1820 sì ni Hans Christian Ørsted ará Denmark rí i pé bí iná mànàmáná bá ń ṣàn nínú wáyà, abẹ́rẹ́ òòfà tí ó wà nítòsí rẹ̀ yóò yí. Ohm ronú pé bí ìṣàn iná bá lè yí abẹ́rẹ́, a jẹ́ pé a lè fi ìyí abẹ́rẹ́ wọn ìṣàn iná. Ìbéèrè rẹ̀ rọrùn láti bi: bí a bá mú wáyà gùn sí i, báwo ni iná tí ń ṣàn nínú rẹ̀ yóò ti dínkù tó?

Ó ṣe ìwádìí, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1825. Òfin tí ó kọ sínú rẹ̀ kò tọ́. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Bátìrì ìgbà náà kì í dúró lójú kan. Bí Ohm ti ń fi wáyà kan sílẹ̀ tí ó ń mú òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni agbára bátìrì ń rọ̀, tí ó tún ń yí padà. Ó dà bí ẹni tí ó ń fi kóńgò wọn ìrẹsì, tí kóńgò náà sì ń fẹ̀ tí ó ń sún kì lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹni náà tilẹ̀ jẹ́ olóòótọ́, ìwọ̀n rẹ̀ kò lè tọ́.

Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Poggendorff, olóòtú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tí Ohm ń kọ̀wé sí, gbà á nímọ̀ràn pé kí ó fi bátìrì sílẹ̀, kí ó lo ohun tí Thomas Seebeck rí ní ọdún 1821. Seebeck ti rí i pé bí a bá so irin oríṣi méjì pọ̀ ní orí méjèèjì, tí a mú orí kan gbóná tí a sì mú èkejì tutù, iná yóò máa ṣàn nínú wọn. Ohm kò bínú sí ẹni tí ó tọ́ ọ sọ́nà. Ó mú bàbà àti bismuth, ó so wọ́n pọ̀, ó fi orí kan sínú omi tí ń hó, ó sì fi èkejì sínú yìnyín tí ń yọ́. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ń hó, ìgbóná rẹ̀ kì í yí padà. Níwọ̀n ìgbà tí yìnyín bá ń yọ́, òtútù rẹ̀ náà kì í yí padà. Nítorí náà, iná tí ó ń ti àárín wọn jáde dúró ṣinṣin.

Lẹ́yìn náà ó gé wáyà bàbà mẹ́jọ tí nínípọn wọn dọ́gba. Èyí tí ó kúrú jù jẹ́ íǹṣì 2, èyí tí ó gùn jù sì jẹ́ íǹṣì 130. Ó ń so wọ́n mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń wo abẹ́rẹ́, ó ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀, ó sì tún padà sórí wáyà àkọ́kọ́ láti rí i bóyá èsì náà bá ti àná mu. Ọmọkùnrin tí kò lè jókòó ti ìwé nítorí ijó ni ó wá ń jókòó ti abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo lójoojúmọ́. Ní ọdún 1826, òfin náà hàn gbangba.

KÍ NI ÒFIN NÁÀ WÍ?

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ kí a fi omi ṣe àkàwé. Bí táǹkì omi bá wà lókè, omi yóò fi agbára sọ̀kalẹ̀ sínú páìpù. Bí táǹkì bá ti ga tó, bẹ́ẹ̀ ni omi yóò ti fi agbára tì tó. Agbára ìtì yìí ni ó dà bí fóltéèjì, tí a ń fi fóltì wọ̀n. Iye omi tí ń kọjá nínú páìpù ní ìṣẹ́jú kan ni ó dà bí ìṣàn iná, tí a ń fi ámpíà wọ̀n. Ṣùgbọ́n bí páìpù bá tínrín tí ó sì gùn, ara yóò ni omi kí ó tó kọjá. Ìyẹn ni ó dà bí ìdènà, òhun sì ni a ń fi orúkọ Ohm wọ̀n.

Òfin náà ni pé bí fóltéèjì bá di ìlọ́po méjì, ìṣàn yóò di ìlọ́po méjì. Bí ìdènà bá di ìlọ́po méjì, ìṣàn yóò di ìdajì. Bí a bá mọ méjì nínú mẹ́ta, a ó mọ ẹ̀kẹta. Láti mọ ìdènà, ẹ fi ìṣàn pín fóltéèjì. Ẹ jẹ́ kí a wò ó: bátìrì kan ní fóltì 6, iná tí ó sì ń ṣàn láti inú rẹ̀ jẹ́ ámpíà 2.

6 ÷ 2 = 3

Ìdènà rẹ̀ jẹ́ ohm 3. Bí a bá sì mọ̀ pé ìdènà jẹ́ ohm 3, tí fóltéèjì jẹ́ 6, a ó fi 3 pín 6, a ó sì rí ámpíà 2. Òfin náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí ìgbóná wáyà kò bá yí padà púpọ̀, nítorí bí irin bá ti ń gbóná sí i ni ìdènà rẹ̀ ń pọ̀ sí i.

ÌWÉ TÍ A KÒ KÀ SÍ

Ohm rò pé ìwádìí yìí yóò ṣí ọ̀nà yunifásítì fún òun. Ó gba ìsinmi ọdún kan ní Cologne, ó gbà kí wọ́n san ìdajì owó oṣù fún òun, ó sì lọ sí Berlin lọ́dọ̀ Martin àbúrò rẹ̀ láti kọ ìwé rẹ̀. Ní ọdún 1827 ìwé náà jáde. Ó kó gbogbo ọ̀rọ̀ ìṣàn iná sínú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Àwọn tí ó yẹ kí ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ kò gbà á. Ní àkókò náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Jámánì kò rò pé ìṣirò ni a fi ń mọ àṣírí ohun ayé, ìwé náà sì le fún ẹni tí kò gbọ́ ìṣirò. Àwọn kan bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Púpọ̀ kò tilẹ̀ ṣí i wò. Ipò yunifásítì tí ó ń retí kò dé. Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, ó kọ̀wé fi iṣẹ́ Cologne sílẹ̀ ní ọdún 1828. Fún bí ọdún márùn-ún, ẹni tí ó ti rí ọ̀kan nínú òfin ńlá ayé ń fi kíkọ́ni ní wákàtí díẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ológun ní Berlin gbọ́ bùkátà. Ní ọdún 1833 ni ó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Nuremberg.

Kò yí nọ́ńbà rẹ̀ padà láti tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Ó ti wọ̀n ọ́n, ó sì mọ ohun tí ó rí. Díẹ̀díẹ̀ àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìwádìí náà ṣe. Fechner ní Leipzig ṣe é, ó sì rí i pé òtítọ́ ni. Àwọn ará Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì náà kíyè sí i. Ní ọdún 1841, wọ́n túmọ̀ ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún náà gan-an ni Royal Society, ẹgbẹ́ àgbà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní London, fún Ohm ní àmì ẹ̀yẹ Copley, ẹ̀yẹ tí ó ga jù lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún kejì wọ́n sọ ọ́ di ọmọ ẹgbẹ́ wọn. Ìlú òkèèrè ni a ti kọ́kọ́ dá a lọ́lá kí ilé tó rántí rẹ̀.

Ní ọdún 1849 wọ́n pè é sí Munich, ní ọdún 1852 sì ni ó di ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà nínú físíìsì ní yunifásítì ìlú náà. Ohun tí ó ti ń fẹ́ láti ìgbà èwe tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí ó di ẹni ọdún 63. Ọdún méjì ni ó lò níbẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1854 ni ó kú ní Munich, ní ẹni ọdún 65. Kò gbéyàwó, kò sì bímọ, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò parẹ́.

ORÚKỌ TÍ Ó DI ÒṢÙWỌ̀N

Ní ọdún 1881, àwọn onímọ̀ iná mànàmáná láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè pàdé ní Paris. Wọ́n fi ẹnu kò pé fóltì, ámpíà àti ohm ni gbogbo ayé yóò máa fi wọn iná. Àmì tí a ń kọ fún ohm ni Ω, nítorí pé lẹ́tà O ìbá jọ òdo. Ẹ̀yin ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ti mọ lẹ́tà náà: òun ni Omega, ìkẹyìn nínú lẹ́tà èdè Gíríìkì, tí Alfa jẹ́ àkọ́kọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ẹlòmíràn níbí. Kí a tó bí Ohm ni Henry Cavendish, ọlọ́rọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń wádìí irú ọ̀rọ̀ yìí. Kò ní ohun èlò tí a lè fi wọn ìṣàn iná, nítorí náà ara rẹ̀ ni ó fi ń wọ̀n ọ́n: ó ń jẹ́ kí iná gbọn òun, ó sì ń fojú díwọ̀n bí ìgbọ̀n náà ti le tó. Ẹ má ṣe dán èyí wò láéláé. Iná ilé ń pa ènìyàn. Cavendish súnmọ́ òfin náà gan-an, ṣùgbọ́n ó fi ìwé rẹ̀ pamọ́ sílé. Ní ọdún 1879, nígbà tí Ohm pàápàá ti kú, ni James Clerk Maxwell tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìmọ̀ tí ó wà nínú àpótí kò tan iná fún ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé orúkọ ọmọ alágbẹ̀dẹ tí ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ni a ń dá lónìí.

ÒFIN OHM NÍNÚ ILÉ WA

Ohun kan ṣì kù: wáàtì. Wáàtì ni a fi ń wọn agbára, èyíinì ni bí iṣẹ́ tí iná ń ṣe ti ń yára tó. Láti rí i, ẹ fi ìṣàn sọ fóltéèjì di púpọ̀. Bátìrì wa ìṣáájú ní fóltì 6 àti ámpíà 2; 6 × 2 = 12, nítorí náà agbára rẹ̀ jẹ́ wáàtì 12.

Iná ilé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí jẹ́ fóltì 230. Bí kẹ́tùlù yín bá jẹ́ wáàtì 2,300, ẹ fi 230 pín 2,300: ìṣàn rẹ̀ jẹ́ ámpíà 10. Ẹ wá fi 10 pín 230: ìdènà rẹ̀ jẹ́ ohm 23. Ẹ ti mọ inú kẹ́tùlù láìtú u.

Ẹ̀yin òbí, ìṣirò yìí kì í ṣe eré ọmọdé nìkan. Okùn iná onísọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tí a ń tẹ́ sílẹ̀ nígbà àpèjẹ kì í sábà gbé ju ámpíà 13 lọ. Bí a bá so kẹ́tùlù yẹn àti hítà oníwáàtì 2,300 mọ́ okùn kan náà, 10 àti 10 di 20. Sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ṣì ṣófo lára okùn náà, ṣùgbọ́n ẹrù rẹ̀ ti kọjá agbára rẹ̀, yóò sì máa gbóná. Láti inú irú ìgbóná bẹ́ẹ̀ ni ilé ti ń jó.

Ẹ tún wo áyọ́ọ̀nù tí mọ̀lẹ́bí kan mú ti Amẹ́ríkà bọ̀ láti fi lọ aṣọ ìgbéyàwó. Fóltì 120 ni wọ́n ṣe é fún, agbára rẹ̀ sì jẹ́ wáàtì 1,200. Ìṣàn rẹ̀ lọ́hùn-ún jẹ́ ámpíà 10, ìdènà rẹ̀ sì jẹ́ ohm 12. Níbí, fóltì 230 ni yóò bá pàdé. Fi 12 pín 230, ìṣàn rẹ̀ yóò lé ní ámpíà 19. Fi 19 sọ 230 di púpọ̀, agbára rẹ̀ yóò lé ní wáàtì 4,300, ó ju ìlọ́po mẹ́ta èyí tí a ṣe é fún. Fóltéèjì kò tó ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n agbára fò ju ìlọ́po mẹ́ta lọ, nítorí pé bí fóltéèjì ti pọ̀ sí i ni ìṣàn náà pọ̀ sí i. Kí a tó ki irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ọmọ inú ilé kọ́kọ́ ka àkọlé ìdí rẹ̀ fún wa.

Ẹ̀KỌ́ INÚ ÌTÀN YÌÍ

Èkíní, àṣìṣe kì í ṣe òpin ọ̀nà. Ohm ṣi ìgbà èwe rẹ̀ lò, ó sì tẹ òfin tí kò tọ́ jáde ní ọdún 1825. Nínú méjèèjì, ó gba ìbáwí, ó sì tún un ṣe.

Èkejì, ohun tí ó dúró ṣinṣin ni a fi ń wọn ohun tí ń yí padà. Bátìrì tí ń rọ̀ kò lè fi òtítọ́ hàn án. Omi tí ń hó àti yìnyín tí ń yọ́ ni ó fi í hàn án. Nígbà tí àwọn ènìyàn kò kà á sí, òun náà dúró bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta, fún ẹ̀yin òbí: kò sí iṣẹ́ ọwọ́ tí kò lè bí ọ̀mọ̀wé. Gbogbo ohun tí a kà lókè yìí, orí àga ilé alágbẹ̀dẹ kan ni ó ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí bàbá kan ti ń fi ohun tí ó mọ̀ kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN ỌMỌ

1. Kí ni iṣẹ́ bàbá Georg Ohm, kí sì ni ó fi kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀?
2. Èéṣe tí Ohm fi pa bátìrì tì, tí ó sì lo omi gbígbóná àti yìnyín?
3. Tọ́ọ̀ṣì kan ní fóltì 3, ìṣàn rẹ̀ sì jẹ́ ámpíà 1. Kí ni ìdènà rẹ̀? Kí ni agbára rẹ̀?
4. Hítà kan ní ìdènà ohm 46. Bí a bá so ó mọ́ fóltì 230, ámpíà mélòó ni yóò ṣàn? Wáàtì mélòó ni?
5. Bẹ òbí rẹ kí ẹ jọ ka àkọlé ohun èlò mẹ́ta nínú ilé yín. Ṣírò ìṣàn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí o sì mú un wá sí kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Ìdáhùn ìbéèrè 3: ohm 3, wáàtì 3. Ìdáhùn ìbéèrè 4: ámpíà 5, wáàtì 1,150.